Ta Ni Yóò Gberin? Iye Owó Tíkẹ́ẹ̀tì àti Ìtumọ̀ Eré Rọ́ọ̀kì

Bí lámèyítọ́ bá ń yẹ eré orin wò, àwọn ohun tí ó máa ń tú palẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. A máa wo ọ̀rọ̀ orin, a máa wo ìlù àti ohùn, a máa wo bí eléré ṣe dúró àti bí aṣọ rẹ̀ ṣe rí. Àwa tí a kọ́ iṣẹ́ yìí lórí lítíréṣọ̀ alohùn tún máa ń wo àwọn òǹwòran, nítorí a mọ̀ pé ìjálá tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn sí kò tíì parí. Ohun kan tí a kì í sábà béèrè ni iye tí òǹwòran san kí ó tó wọlé. A ti fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé, bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà ni owó ń dúró sí, tí kì í bá ènìyàn wọ inú agbo. Èrò tiwa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé owó a máa wọ inú agbo, a sì máa yí ìtumọ̀ orin padà níbẹ̀. Orin rọ́ọ̀kì ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ti di àríyànjiyàn tí ó dé ilé aṣòfin àti ilé-ẹjọ́, àti nítorí pé orin náà fúnra rẹ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ti mẹ̀kúnnù ni òun ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ Oasis. Ìlú Manchester ni wọ́n ti wá. Ní Burnage, nínú ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ fún àwọn mẹ̀kúnnù, ni Noel àti Liam Gallagher ti dàgbà. Ní oṣù Kẹjọ 1996, wọ́n ṣeré fún òru méjì ní Knebworth. Nǹkan bí 250,000 ènìyàn ni ó wá, àwọn tí ó béèrè tíkẹ́ẹ̀tì lé ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀, iye tíkẹ́ẹ̀tì kan sì jẹ́ 22.50 pọ́n-ùn. Ẹgbẹ́ náà túká ní 2009. Nígbà tí wọ́n kéde ní oṣù Kẹjọ 2024 pé àwọn ti parí ìjà, tí títa tíkẹ́ẹ̀tì sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù náà, àwọn tí ó ti tò lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọ̀pọ̀ wákàtí dé iwájú, wọ́n sì bá a pé tíkẹ́ẹ̀tì ìdúró tí àwọn rò pé yóò jẹ́ nǹkan bí 150 pọ́n-ùn ti di nǹkan bí 355. Bí a bá tilẹ̀ sọ 22.50 ti Knebworth di ìlọ́po méjì nítorí pé ohun gbogbo ti wọ́n láti 1996, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta iye àkọ́kọ́ yẹn, ká má tíì sọ èkejì.

Bí ó bá jẹ́ pé ọjà kàn wọ́n ni, kò sí ohun tí ó kan lámèyítọ́ níbẹ̀. Ohun tí ó kàn wá ni orúkọ tí wọ́n sọ àwọn tíkẹ́ẹ̀tì náà. Èyí tí wọ́n ń tà ní 355 kì í ṣe ìdúró lásán mọ́. In Demand Standing ni wọ́n kọ sí i lára, ìyẹn ìdúró tí àwọn ènìyàn ń wá lójú méjèèjì. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ àpèjúwe yìí kò sọ ohunkóhun nípa ibi tí ènìyàn yóò dúró sí. Ẹni tí ń rà á ni ó ń ṣàpèjúwe. Wọ́n mú ìyánhànhàn olólùfẹ́ orin, wọ́n sọ ọ́ di orúkọ ọjà, wọ́n sì tún tà á padà fún ẹni tí ó ni ín. Orúkọ kejì ni Platinum, tí wọ́n fi ń pe àwọn ìjókòó kan. Irin iyebíye ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ìjókòó tí ó súnmọ́ orí ìtàgé ni, tàbí pé oúnjẹ wà pẹ̀lú rẹ̀. Àjọ Competition and Markets Authority, tí ń ṣọ́ ìwà àwọn ọlọ́jà ní Bìrìtéènì, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní oṣù Kẹsàn-án 2024. Ohun tí wọ́n sọ ní oṣù Kẹta 2025 ni pé Ticketmaster ta àwọn tíkẹ́ẹ̀tì Platinum kan ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ààbọ̀ iye tíkẹ́ẹ̀tì lásán, láìṣàlàyé tó pé kò sí àǹfààní kan tí wọ́n fi ju àwọn yòókù lọ, àti pé apá kan náà nínú pápá ni wọ́n sábà máa ń wà. Àdàpè ọ̀rọ̀ tí kì í jẹ́ ká mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ni àwọn àgbà ń pe irú èyí. Ìjà tí ó bẹ̀rẹ̀ lórí owó ti di ìjà lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, a ò sì rò pé olùkọ́ èdè kankan lè ka ìwé àjọ náà láìrẹ́rìn-ín múṣẹ́.

Àwọn ará ìlú náà sì ní àdàpè tiwọn. Gbogbo ayé ti ń pariwo pé ẹ̀rọ ni ó ń gbé iye náà sókè láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú bí èrò ṣe ń pọ̀ sí i. Àjọ náà kò rí ẹ̀rí pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Iye méjì ni wọ́n ti fi lé tíkẹ́ẹ̀tì ìdúró. Èyí tí owó rẹ̀ kéré ni wọ́n kọ́kọ́ tà, nígbà tí ó tán ni wọ́n ṣí èyí tí ó wọ́n sílẹ̀. Ẹni tí ó wà nínú ìlà kò mọ̀ pé méjì ni wọ́n. Ohun tí ó rí ni pé iye ti yí lójú òun.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan bi wá pé, kí ni ìyàtọ̀ nínú èyí àti ọjà tiwa? Ní Bódìjà, iye ata òwúrọ̀ kọ́ ni iye ata ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni iye tí wọ́n sọ fún ẹni tí ó wọ agbádá kọ́ ni wọ́n sọ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ìbéèrè náà tọ́. Ṣùgbọ́n ìdúnàádúrà jẹ́ ìtàkùrọ̀sọ, ó sì ní òfin bí gbogbo ìtàkùrọ̀sọ ṣe ní. Ọlọ́jà yóò dá iye, oníbàárà yóò fèsì. Ọ̀kan lè ṣe bí ẹni ń lọ, kí èkejì sì pè é padà. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé iye àkọ́kọ́ kì í ṣe iye gidi. Ní iwájú ojú kọ̀ǹpútà, ẹnìkan ṣoṣo ni ó lẹ́nu. Aago kan ń ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn, bí olùrà bá sì jáde láti lọ rò ó, kò sí ẹni tí yóò pè é padà. Ẹyìn ìlà ni yóò tún padà sí. Ìdí nìyí tí a kò fi gbà pé kí a fi ìdúnàádúrà túmọ̀ ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní dynamic pricing. Iye-owó aláìdúró yóò sàn jù, bí kò tilẹ̀ dùn létí.

Ìráhùn lórí iye tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ti òní. Nígbà tí Rolling Stones ń ṣeré káàkiri Amẹ́ríkà ní 1969, Ralph J. Gleason, lámèyítọ́ orin fún ìwé ìròyìn San Francisco Chronicle, bẹnu àtẹ́ lu iye tí wọ́n ń gbà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, 18 dọ́là ni tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ mẹ́ta ní Woodstock, kí ọgbà tó wó tí gbogbo rẹ̀ sì di ọ̀fẹ́. Láti ìgbà náà ni orin rọ́ọ̀kì ti ní ìtàn méjì nípa ara rẹ̀: ọ̀kan ni ti ọgbà tí ó wó, èkejì ni ti ẹni tí ń ka owó lẹ́yìn àṣọ ìtàgé. Ọdún 1994 ni ìtàn kejì borí ní gbangba, nígbà tí ẹgbẹ́ Eagles, tí wọ́n ti túká láti 1980, padà wá, tí iye tíkẹ́ẹ̀tì wọn tí ó wọ́n jù sì kọjá 100 dọ́là. Àwọn ènìyàn ráhùn, wọ́n sì san án. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù ń wò.

Ọdún 1994 yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ Pearl Jam ti ìlú Seattle gbìyànjú láti yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò pọ̀: kí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ 18 dọ́là, kí owó iṣẹ́ tí Ticketmaster ń lé lórí rẹ̀ má sì kọjá 1.80, kí gbogbo rẹ̀ má tó 20. Nígbà tí èyí kò ṣeé ṣe, wọ́n fẹjọ́ sun Ilé-iṣẹ́ Ìdájọ́ ti ìjọba àpapọ̀ pé ilé-iṣẹ́ náà nìkan ni ó gba ọjà kan, nítorí àdéhùn tí ó ní pẹ̀lú àwọn gbọ̀ngàn ńláńlá. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, méjì nínú wọn, Stone Gossard àti Jeff Ament, lọ jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ kan ní Ilé Aṣòfin. Ní oṣù Keje 1995, ìjọba pa ìwé náà dé. Ẹgbẹ́ náà ti ń gbìyànjú ní ọdún yẹn láti ṣeré níbi tí Ticketmaster kò ti ní àdéhùn, wọ́n sì rí i pé irú ibẹ̀ ṣọ̀wọ́n, pé ó jìnnà, àti pé ètò ibẹ̀ a máa dàrú. Nígbà tí ó di 1998, wọ́n ti padà sí àwọn gbọ̀ngàn tí wọ́n ti kúrò. A mọ̀ pé ẹgbẹ́ Fugazi ti Washington ń gba nǹkan bí 5 dọ́là ní gbogbo àkókò yìí láìbá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n inú àwọn gbọ̀ngàn kéékèèké ni ti Fugazi. Ẹni tí èrò rẹ̀ bá ti pọ̀ ju ilé kékeré lọ, ọwọ́ ẹni tí ó ni ilẹ̀kùn ńlá ni ó bọ́ sí. Ní 2010, ilé-iṣẹ́ Live Nation tí ń ṣètò eré àti Ticketmaster tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì di ọ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ìjọba. Ní oṣù Karùn-ún 2024, Ilé-iṣẹ́ Ìdájọ́ kan náà gbé wọn lọ sí ilé-ẹjọ́ pé kí wọ́n pínyà.

Àlàyé àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Alan Krueger ti Yunifásítì Princeton fi hàn nínú iṣẹ́ kan tí ó jáde ní 2005 pé láàárín 1996 sí 2003, iye tíkẹ́ẹ̀tì eré orin ní Amẹ́ríkà lé sí i ní ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí iye ohun gbogbo lápapọ̀ lé ní ìdá 17. Èrò rẹ̀ ni pé nígbà tí àwo orin ń mówó wọlé, ìpolówó àwo ni eré jẹ́, kò sì yẹ kí ìpolówó wọ́n. Nígbà tí Napster dé ní 1999, tí orin di ohun tí ènìyàn ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìpolówó wá di ọjà gan-an. Èyí yé wa. Ohun tí kò bá a mu ni pé Eagles ti kọjá 100 dọ́là ní ọdún márùn-ún kí Napster tó dé. Iye náà kò sì dúró: ìwé ìròyìn Pollstar ṣírò rẹ̀ pé ìpíndọ́gba iye tíkẹ́ẹ̀tì fún 100 ìrìn-àjò orin tí ó mówó wọlé jù lágbàáyé jẹ́ nǹkan bí 106 dọ́là ní 2022, tí ó sì di nǹkan bí 131 ní 2023.

Àpẹẹrẹ tí ó kan lámèyítọ́ jù lọ ni ti Bruce Springsteen. Ọmọ Freehold ní New Jersey ni, ọmọ ọkùnrin tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tí ó sì tún wa bọ́ọ̀sì. Fún àádọ́ta ọdún ni ó ti ń kọrin nípa àwọn tí ilé-iṣẹ́ tì mọ́ lẹ́yìn, àwọn tí ó ti ogun dé tí wọn kò ríṣẹ́. Ní oṣù Keje 2022, nígbà tí títa tíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ fún ìrìn-àjò rẹ̀ ti 2023, àwọn tíkẹ́ẹ̀tì kan tí iye wọn ń tẹ̀lé ọjà dé 4,000 sí 5,000 dọ́là. Ticketmaster fèsì pé kò tó ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún tíkẹ́ẹ̀tì tí iye wọn ń yí bẹ́ẹ̀, àti pé àwọn yòókù wà láàárín 59.50 sí 399 dọ́là. Springsteen fúnra rẹ̀ sọ fún ìwé ìròyìn Rolling Stone ní oṣù Kọkànlá pé owó tí àwọn alárọ́bọ̀ ì bá jẹ ni. Kí ló dé tí kò fi ní jẹ́ ti àwọn tí ń làágùn lórí ìtàgé? Ìwé ìròyìn Backstreets, tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1980, kéde ní oṣù Kejì 2023 pé àwọn ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Ìjákulẹ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì wà lára ìdí tí wọ́n sọ.

Ìdáhùn Springsteen bọ́gbọ́n mu bí a bá ń wo owó nìkan. Ẹni tí ó bá ta tíkẹ́ẹ̀tì ní owó kékeré, alárọ́bọ̀ ni ó ń fún ní ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ó bá kan orin rẹ̀ Hungry Heart, tí ó gbé jáde ní 1980. Àṣà rẹ̀ láti ìgbà náà ni pé ẹgbẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ ìlù, òun yóò sì dákẹ́, kí àwọn òǹwòran fúnra wọn kọ ìlà àkọ́kọ́. Ohùn ọkùnrin lásánlàsàn kan tí ó já ilé rẹ̀ sílẹ̀ ni ohùn inú orin náà. Bí èrò bá gbà á mọ́ ọn lẹ́nu, wọ́n ti gbé ẹni náà wọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe pé olówó kò lè mọ orin. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó san 4,000 mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ. Ọ̀rọ̀ wa ni pé olórin tí ó dákẹ́ kí èrò lè sọ̀rọ̀ ti fi apá kan iṣẹ́ ọnà rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, ẹnu ọ̀nà ni a sì ti yan àwọn tí yóò bá a ṣe é. Bí a bá ti lè bi akéwì pé kí ló dé tí ó fi lo ọ̀rọ̀ kan dípò òmíràn, a lè bi olórin pé kí ló dé tí ó fi yan àwọn ẹlégbè wọ̀nyí dípò àwọn yòókù.

Nínú iṣẹ́ tiwa, èyí kò ṣòro láti rí. Karin Barber, nínú ìwé tí ó kọ ní 1991 lórí oríkì ní Òkukù, jẹ́ kó yé wa pé kò sí oríkì láìsí ẹni tí a ń kì. Ẹni tí ó dúró níwájú akígbe ni ó ń pinnu ohun tí yóò jáde. Owó sì wà níbẹ̀. Ní òde àríyá tí olórin jùjú ti ń ṣeré, olóde ni ó gbà wọ́n wá. Àwọn àlejò kì í san kọ́bọ̀ láti wọlé. Wọ́n ń náwó lójú agbo, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí, olórin a sì fi orúkọ wọn kọrin. Ẹ má jẹ́ kí a pọ́n èyí ju bó ti yẹ lọ: òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ka fífọ́n náírà bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ṣe òní ni àwọn lámèyítọ́ ti ń sọ pé ó ń mú kí olórin yin ẹni tí kò yẹ. Kódà tíkẹ́ẹ̀tì kò ṣàjèjì sí wa, láti ayé Hubert Ogunde ni àwọn eléré orí ìtàgé wa ti ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí ó wà nínú ti àríyá ni pé ojú gbogbo ènìyàn ni owó ti ń bọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ rí i pé wọ́n ń ra iyì, ó lè rẹ́rìn-ín, ó lè yọ ṣùtì, kò sì kúrò nínú ijó. Nínú eré rọ́ọ̀kì òde òní, inú yàrá, ní òun nìkan, ni olúkúlùkù ti sanwó, ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Ẹni tí kò lè san án kò sí níbẹ̀ láti yọ ṣùtì.

Ǹjẹ́ olórin lè kọ̀? Robert Smith, olórí ẹgbẹ́ The Cure, kọ̀ ní 2023. Ó ní àwọn kò fẹ́ Platinum, àwọn kò fẹ́ iye-owó aláìdúró, kí tíkẹ́ẹ̀tì má sì ṣeé gbé fún ẹlòmíràn níbi tí òfin ìpínlẹ̀ bá fàyè gbà á. Tíkẹ́ẹ̀tì wọn bẹ̀rẹ̀ láti 20 dọ́là. Bí títà ṣe bẹ̀rẹ̀ ni àwọn kan fi hàn pé owó iṣẹ́ tí a lé lórí rẹ̀ ti ju iye tíkẹ́ẹ̀tì náà lọ. Smith fi ìbínú rẹ̀ hàn ní gbangba, Ticketmaster sì gbà láti dá 10 dọ́là padà fún àwọn tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì tí owó rẹ̀ kéré jù, àti 5 dọ́là fún àwọn yòókù. Dọ́là mẹ́wàá kì í ṣe owó ńlá, ṣùgbọ́n ó já irọ́ àwọn tí ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò sí lọ́wọ́ olórin. Àwọn Oasis, ní ti wọn, gbé ọ̀rọ̀ kan jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2024 pé àwọn alábòójútó àti àwọn olùṣètò eré ni àwọn fi ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì lé lọ́wọ́. Akígbe kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, Ticketmaster bá àjọ tí ń ṣọ́ ọjà ní Bìrìtéènì ṣe àdéhùn. Wọn yóò máa sọ ọ́ ní wákàtí 24 ṣáájú bí tíkẹ́ẹ̀tì ìdúró bá ní ju iye kan lọ. Wọn yóò máa fi iye tó wà hàn fún ẹni tí ó wà nínú ìlà. Wọn kò sì ní máa sọ tíkẹ́ẹ̀tì ní orúkọ tí ó fi hàn pé ó dára ju òmíràn lọ nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Àdéhùn náà kò dín iye kankan kù. Nígbà tí ó sì fi jáde, Oasis ti wà lórí ìtàgé láti ọjọ́ 4 oṣù Keje ní Cardiff. Àwọn tí ó san 150 àti àwọn tí ó san 355 ti dúró pọ̀ lórí ilẹ̀ pápá, wọ́n sì ti gberin tán.